Ta Ló Ni Òfin Ilé Yìí?

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú làálàá, mo kí ọ kú ariwo ìlú ńlá tí o wà. Ṣé ara le? Ṣé ikọ́ tó ń bá ọ fínra nígbà tí o wálé kẹ́yìn ti lọ? Bí kò bá tíì lọ, ó ti yẹ kó lọ, nítorí ojoojúmọ́ ni mo ń bá a wí nínú àdúrà mi pé kó wá ibòmíràn gbé. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi kò tó kò ní gbàgbé rẹ. Ẹ̀rọ tó ń gé ìwé níbi iṣẹ́ ìtẹ̀wé yín kò ní gé ọ níka. Bàbá yín wà dáadáa, wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń sá sí báyìí. Àbígbẹ̀yìn mi tó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí wà dáadáa, àfi pé ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n ní kó fi ahọ́n nulẹ̀. Èmi náà wà, mo ń mí, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ìdí tí mo fi ní kó gbé bírò nìyẹn.

Kí o má baà bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́: fóònù tí o rà fún mi ní òun ti kún. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń kọ ọ́ síwájú pé òun ti kún. Mo yọ ọ́ kúrò nínú àpò rẹ̀, mo gbọn àpò náà nù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ ó ní òun kún. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ọ lónìí pọ̀, mi ò sì fẹ́ dà á lé e lórí kó wá bẹ́ mọ́ mi létí. Nítorí náà, lẹ́tà ni.

(Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo kọ èyí, kì í ṣe Màmá. Ibi tí ẹ bá ti rí àkámọ́, èmi ni. Fọ́tò ló kún inú fóònù wọn. Mo ti ṣàlàyé títí, wọ́n ní kí n fi ibi tí àwọn fọ́tò náà jókòó sí hàn wọ́n. Gbogbo nǹkan ti sú mi nínú ilé yìí.)

O rántí ohun tí mo sọ fún ọ nígbà tí àyè ṣì wà nínú fóònù. Ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá yín ni, Awẹ́lẹ́wà. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn nígbà tí mo wọ ilé yìí níyàwó, ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Láti ìgbà tí onílé ti gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ tó sì kó wá bá wa, ó di oṣù márùn-ún báyìí. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí àárín pálọ̀ bí ẹni gbé àga ọba kalẹ̀. Òwú wà lórí àga, òwú wà lábẹ́ àga, mo bá òwú pupa nínú ìkòkò ẹ̀wà mi, mo ń fà á, kò tán. Bàbá yín jókòó lé abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní àwọn ò jókòó mọ́, ìdúró ni wọ́n fi ń jẹun. Bí mo bá fọhùn, Awẹ́lẹ́wà á ní ilé ẹ̀gbọ́n òun lòun wà. Bó bá ní iyọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ mi, màá ní kó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó wá sè é. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dákẹ́ síra wa. Ogójì ọjọ́ gbáko, èmi àti ẹ̀ wà nínú pálọ̀ kan náà, àbígbẹ̀yìn la fi ń ránṣẹ́ láti orí àga kan dé orí èkejì. Ìgbà tó sú mi ni mo pè ọ́, mo ní ìwọ ni àkọ́bí, fọhùn sí i, ṣé kí Awẹ́lẹ́wà máa bá wa gbé ni àbí kó wá ibòmíràn lọ. O ní o máa kọ̀wé.

Ìwé dé lóòótọ́. Awakọ̀ tó ń kó páálí láti ibi iṣẹ́ yín kọjá lọ́dọ̀ wa ló mú un wá. Ewé kan ṣoṣo. O mọ̀ pé lẹ́tà gàdàgbà nìkan lojú mi ń mú, mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo sì fi ẹnu ara mi kà á: ÒFIN ILÉ. Orí mi wú. Mo ní ọmọ mi ti dàgbà, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, òfin ló gbé kalẹ̀. Mo ké pe bàbá yín láti ṣọ́ọ̀bù, mo kó gbogbo ilé jọ, mo ní kí àbígbẹ̀yìn kà á fún wa ketekete. Nígbà tó fi máa kà á tán, orí mi tó wú ti ń fọ́ mi.

(Ẹ̀gbọ́n mi, mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin eré ìtàn tí ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín máa ń jókòó yí tábìlì ká ṣe ní Sátidé ni, èyí tí ẹ kọ́ mi nígbà tí ẹ wálé. Ẹnì kan á jẹ́ Ọ̀gá Ìtàn, á máa pa ìtàn lọ, àwọn yòókù á mú ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan oṣó, ẹnì kan olè, ẹnì kan jagunjagun, wọ́n á sọ ohun tí ẹ̀dá wọn fẹ́ ṣe, dáìsì ló sì máa sọ bóyá ó bọ́ sí i. Ẹ ní ìwé òfin tí ẹ rà kò bá tábìlì yín mu, ẹ̀ ń fa ìlà pa òmíràn, ẹ̀ ń kọ òmíràn sí i, ìyẹn lẹ fi ń pè é ní òfin ilé. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Mi ò sọ. Ẹ dúró ná.)

Òfin kìíní ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ìgbà tirẹ̀ yóò fi kàn. Èyí dára, mo dúpẹ́, mo wo Awẹ́lẹ́wà lójú bí wọ́n ṣe kà á. Òfin kejì ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan tó le, kó ju dáìsì, bí kò bá tó mẹ́wàá, nǹkan náà ò bọ́ sí i, bó bá jẹ́ oókan, àjálù ni. Mo ní dáìsì wo. Àbígbẹ̀yìn sáré wọ yàrá, ó mú nǹkan aláwọ̀ ewé kan jáde tí ojú rẹ̀ pọ̀ bí ojú ọ̀pẹ òyìnbó, ó ní ìwọ lo fi sílẹ̀, ojú ogún ló ní. Mo wá rí i pé ó ti pẹ́ tí o ti ń gbèrò òfin yìí.

Òfin kẹta ni mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Ó ní olè nìkan ló lè ṣí ilẹ̀kùn tí a tì pa. Ọmọ mi! Nínú ilé tí mo ti tọ́ ọ dàgbà! Mo ní kó tún un kà, ó tún un kà, olè ni. Kẹrin ní oṣó kò gbọdọ̀ lo agbára rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ kó tó lọ sùn. Awẹ́lẹ́wà ní òun retí pé kò sẹ́ni tó ń wo òun. Mo ní èmi ò wo ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ni mo ń wò. Bàbá yín ní bóyá ará ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ náà ń bá wí. Karùn-ún ní ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Ìtàn labẹ gé, ẹni tó bá jiyàn, a ó yọ kan kúrò nínú ẹ̀mí méjìlá rẹ̀. Ẹ̀mí méjìlá! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka tèmi, mi ò tíì kọjá ẹyọ kan. Ẹ̀kẹfà ní kò sóúnjẹ olóróró lórí tábìlì, ìwọ tí o máa ń fi àkàrà nu àwo. Òfin keje ní ẹni tó bá kú, kó mú orúkọ mìíràn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìíní. Mo ní ṣé ọmọ yìí ti ń sin wá ni? Bàbá yín nìkan ni èyí dùn mọ́. Wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ò ní ṣe iṣẹ́ káfíńtà mọ́ nígbà tí àwọn bá tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kẹjọ ní ẹni tó bá fẹ́ fi àwọn yòókù sílẹ̀ kó jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i, kó sọ bó ṣe lọ, ẹni tí kò bá sì fẹ́ kó lọ lè ju dáìsì dá a dúró. Mi ò ka èyí sí nígbà náà. Mo ní kí àbígbẹ̀yìn fi gọ́ọ̀mù lẹ òfin náà mọ́ ògiri pálọ̀, kí a tẹ̀lé e bó ṣe wà, nítorí èmi ni mo ní kí o fọhùn, mi ò sì lè sọ pé mi ò gbọ́.

(Wọ́n bi mí pé ta ni Ọ̀gá Ìtàn. Mo ní ẹni tó ń ka òfin ni. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ ò mọ bó ṣe ń rí kí gbogbo ilé máa rán èèyàn níṣẹ́ láti ọdún tó ti fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta girama, kí wọ́n wá ṣàdédé máa wo ẹnu ẹ̀. Bàbá bi mí bóyá àwọn lè bọ́ bàtà. Mo ní kí wọ́n ju dáìsì. Wọ́n jù ú, eéje ni, wọ́n wọ bàtà wọn títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo gbádùn ẹ̀, mi ò ní purọ́.)

Sátidé àkọ́kọ́, aago mẹ́rin tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ ìwé rẹ, a jókòó yí tábìlì ká, bàbá yín nìkan ló wà lórí ìdúró. Mo sọ tèmi nípa òwú inú ẹ̀wà. Ìgbà Awẹ́lẹ́wà kàn, ó fẹ́ dá mi lóhùn, Ọ̀gá Ìtàn ní kó ju dáìsì ná, ó jù ú, eéjì, wọ́n ní ìdáhùn rẹ̀ kò bọ́ sí i. Inú mi dùn dé ẹ̀yìn. Ìgbà tún kàn mí, mo ní mo fẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ kúrò ní pálọ̀, mo jù ú, oókan. Ọ̀gá Ìtàn ní àjálù dé, pé ẹ̀rọ náà kò ní kúrò, pé èmi gan-an ni màá gbé àga rẹ̀ lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára sí i. Mo gbé e. Èmi ìyá rẹ, mo gbé àga lọ fún Awẹ́lẹ́wà, ó sì ní òun dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ sí mi tààrà láti ogójì ọjọ́ nìyẹn, mo ní ìgbà mi ò tíì kàn.

Ohun tó bà á jẹ́ ni ilẹ̀kùn yàrá ìpamọ́. Bàbá yín sọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nù ní ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ wa wà nínú ẹ̀. Mo gbé òòlù láti fọ́ ọ, àbígbẹ̀yìn nawọ́ sí ògiri, ó ní òfin kẹta. Mo ní ó dáa, ta ni olè inú ilé yìí? Bàbá yín ní láti ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́ káfíńtà, àwọn ò mú ìṣó oníbàárà kankan wálé. Mo ní ṣé èmi ni, èmi tí gbogbo àdúgbò ń kó kọ́kọ́rọ́ ilé wọn fún bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò? Ọjọ́ méjì la fi wo ilẹ̀kùn náà tó ń wò wá. Àlùbọ́sà mi ń rà níbẹ̀, mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, Awẹ́lẹ́wà dìde lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ni olè. Ó ju dáìsì, ẹẹ́tàdínlógún. Ó mú sísọ́ọ̀sì kékeré tó fi ń tú aṣọ, ó kì í bọ ojú àgádágodo, kí n tó ṣẹ́jú, ilẹ̀kùn ti ṣí.

Kàkà kí n dúpẹ́, ẹnu mi ṣáájú mi. Mo ní mo dúpẹ́ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó jẹ́. Mo fẹ́ fi ṣàwàdà ni. Ó kéré tán, mo fẹ́ fi ìlàjì rẹ̀ ṣàwàdà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ó ní oṣù márùn-ún lòun ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pe òun lólè rí nínú ilé ẹ̀gbọ́n òun. Mo ní òfin ló pè ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi, bi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Ó ń ká aṣọ lọ. Ó ká a dáadáa, etí sí etí, ìyẹn ló já mi láyà jù, nítorí ẹni tó ń bínú lásán kì í ká aṣọ bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ní Sátidé, ó ti gbé báàgì rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Mo nawọ́ sí ògiri, mo ní òfin kẹjọ, kò lè lọ láì tíì jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní irú ìranù wo nìyí. Mo ní èmi náà ti ń bi ara mi, jókòó. Ó jókòó. Ọ̀gá Ìtàn ní kó sọ bó ṣe ń lọ. Ó ní ó dáa, òun gbé báàgì, òun jáde, òun dé ojú títì, òun dúró de ọkọ̀. Mo ní ta ló gbé ẹ̀rọ náà fún ọ? Ó ní òun gbé e lórí. Mo ní pẹ̀lú eékún tó ń dùn ọ́ yẹn? Ó ní kí ló kàn mí nínú eékún òun. Mo ní èmi ni mo ń fi omi gbígbóná pa á fún ọ nígbà tí o ṣubú lórí àkàsọ̀, ọmọ ọdún méje ni ọ́, o ya aṣọ mi nítorí ó ń dùn ọ́. Àbígbẹ̀yìn ní kì í ṣe ìgbà mi. Mo gba dáìsì lọ́wọ́ rẹ̀, mo jù ú. Ẹẹ́dógún. Mo ní kò dé ojú títì. Awẹ́lẹ́wà náà jù ú, ẹẹ́rin. Bàbá yín, tí wọ́n ti ń dúró jẹun láti oṣù mẹ́ta, jókòó.

Kò lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ló ti ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé mo bẹ òun. Mi ò bẹ̀ ẹ́ o! Dáìsì ni. Ohun tí mo fẹ́ kí o wá ṣàlàyé nìyí: irú òfin wo ni o fi ránṣẹ́ sí mi, tó sọ mí di ẹni tó ń gbé àga kiri, tó sọ àbúrò bàbá yín di olè, tó sọ ọmọ tí mo bí gbẹ̀yìn di ọ̀gá lé mi lórí? Ṣé ìwé tí a rán ọ lọ kọ́ nìyí? Mo fẹ́ lọ wo ẹ̀wà lórí iná, mò ń bọ̀.

(Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó pa mí. Òfin kẹjọ tí ẹ tẹ̀ kò ju pé kí ẹni tó ń lọ jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi ni mo fi bírò kọ ti dáìsì mọ́ ọn. Èyí tó burú jù ni pé mo rí ẹ̀yìn ìwé náà. Ẹ kọ ojúlówó lẹ́tà yín sí ẹ̀yìn òfin eré, nítorí ẹ kì í fẹ́ kí ìwé ṣòfò. Mo kà á nígbà tí Màmá ń ké pe Bàbá ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní ẹ ti gba yàrá fún Àǹtí, tí Màmá ń pè ní Awẹ́lẹ́wà, nítòsí ibi tí ẹ̀ ń gbé, kí wọ́n máa bọ̀ kí oṣù tó parí, kí ilé lè rójú. Nígbà tí Màmá ní kí n lẹ òfin mọ́ ògiri, mo fi gọ́ọ̀mù kun ẹ̀yìn yẹn, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀, ògiri ló ń kà á.

Yàrá mi ni Àǹtí ń sùn. Wọ́n ń kọ́ mi níṣẹ́ wọn, mo ti lè gé ọrùn aṣọ láì wo ìwé. Láti ìgbà tí mo ti kúrò níléèwé, àwọn nìkan ló kọ́ mi ní nǹkan, àwọn yòókù ń rán mi ni. Bí wọ́n bá lọ, kí ló kù fún mi? Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kò dára. Mò ń sùn, ó ń jí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún kọ ọ́ wá. Màmá ń bọ̀.)

Ọmọ mi, bí o bá rí i pé ìwé yìí gún régé láti ibí lọ, Awẹ́lẹ́wà ló ń kọ ọ́. Mo ti gba bírò lọ́wọ́ àbígbẹ̀yìn.

Mo dé láti ìdí iná, mo ní kó ka ohun tó ti kọ fún mi láti òkè. Ó kà á, ó sáré parí. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìwé fi kún tó báyìí? Ó ní lẹ́tà òun ló máa ń tóbi. Mo ké pe Awẹ́lẹ́wà, èmi fúnra mi, láì rán ẹnikẹ́ni, mo ní wá bá mi ka nǹkan yìí bó ṣe wà. Ó kà á. Nígbà tó dé ibi àkámọ́ ìkẹyìn, ó gbé ìwé sún mọ́ ojú, kò kà á síta mọ́. Mo ní máa kà á lọ. Ó ní òun ti kà á, inú lòun kà á sí. Mo ní kà á síta. Ó kà á síta. Àbígbẹ̀yìn ti bo ojú. Awẹ́lẹ́wà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ti ní kí òun máa bọ̀, kò sì sí dáìsì nínú ìyẹn. Ó dìde. Báàgì rẹ̀ ò tíì tú láti Sátidé.

Mo ní kó jókòó, kó gbé bírò, kó kọ ohun tí mo bá sọ, kó má sì fi àkámọ́ kankan sí i.

Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o gba yàrá fún ẹnikẹ́ni? Ṣé nítorí mo ní kí o fọhùn lo ṣe rò pé mo ní kí o lé e? Kí o bá mi bá a wí ni mo fẹ́! Kí o sọ fún un pé òwú kì í ṣe èròjà ẹ̀wà, kó gbọ́, kí n lè sinmi. Mo lè bínú sí i fún oṣù márùn-ún, mo lè bínú sí i fún ọdún márùn-ún, ibi tí mo ti ń bínú sí i náà ló ń gbé. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo dirun fún un, èmi ni mo kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá máa lé kúrò nínú ilé yìí, èmi ni màá lé e, kì í ṣe ìwọ tó jókòó sókèèrè tó ń kọ̀wé sẹ́yìn ìwé eré. Mi ò sì lé e.

Mo ní kó kọ ìyẹn. Ó ní òun ti kọ ọ́. Mo ní kó kà á fún mi kí n gbọ́. Ó na ìwé sí àbígbẹ̀yìn. Àbígbẹ̀yìn ló bá wa kà á.

Òfin tí mo ṣe fún ilé mi nìyí, mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan. Ẹ̀rọ ìránṣọ á kúrò ní pálọ̀, á wọ yàrá mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tó bá dá òwú sílẹ̀, òun ni yóò ṣà á. Bó bá ní iyọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ mi, kó wí fún mi lójú mi, màá bú u lójú rẹ̀. Àbígbẹ̀yìn jẹ̀bi, á fọ gbogbo ìkòkò dúdú inú ilé yìí kí oṣù tó parí, èèyàn kì í lẹ lẹ́tà mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n láti aago méjì sí aago márùn-ún lójoojúmọ́, ìdí ẹ̀rọ ló máa wà, Awẹ́lẹ́wà á máa kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rán an níṣẹ́ lákòókò yẹn. Ẹni tí òǹgbẹ bá ń gbẹ, kó dìde. Bàbá yín náà ti gbọ́.

Lọ bá onílé tó gba owó yàrá lọ́wọ́ rẹ, sọ fún un pé ẹni tí o gbà á fún kò wá mọ́. Owó tó bá dá padà, fi í ránṣẹ́ sí mi ní kíá, fèrèsé yàrá mi kò ní gíláàsì, atẹ́gùn á máa gbé aṣọ oníbàárà lọ. Bó bá kù díẹ̀ kó tó, fi tìrẹ kún un, ìwọ lo bí mi nínú. Kí o sì wálé. Àwọn ọ̀rẹ́ yín lè dúró, àwọn kọ́ ló bí ọ.

Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ kí o tó la ẹnu. Iṣẹ́ rẹ kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́. Á fún ọ ní ilé tìrẹ, ilé tó fẹ̀, tó ní yàrá púpọ̀, kò sì ní jẹ́ kí o wá àwọn tí yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu nínú rẹ̀ tì.

Èmi ni ìyá rẹ.